Bàbá ti ń fúnra wọn mí

Lónìí, kó tó di ọ̀sán, a yọ túùbù lọ́fun bàbá tí kòrónà gbé wọ ICU wa, ibi tá a ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, mo sì fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn torí ọ̀la náà á tún gbé tiẹ̀ dé. Inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n nǹkan míì tún wà lọ́kàn mi, ọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń pẹ́ tó ká tó gba aláìsàn kúrò lórí fẹntiléítọ̀, ẹ̀rọ tó ń báni mí, ni, torí mo gbà pé ìgbà míì wà tó jẹ́ pé aláìsàn ti ṣe tán, àwa tá à ń tọ́jú ẹ̀ ni ò tíì ṣe tán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fẹntiléítọ̀ ló ń wo àìsàn náà sàn. Rárá o. Kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀rọ yẹn. Ó ń ti afẹ́fẹ́ àti ọ́síjìn sínú ẹ̀dọ̀fóró kí ẹni náà má bàa kú, kí ara lè ráyè bá fáírọ́ọ̀sì jà, ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ mọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn bó ṣe ń pẹ́ sí i lórí ẹ̀. Iṣan kan wà tó tẹ́ sáàárín àyà àti ikùn, òun gan-an ló ń fa èémí wọlé, tí ẹ̀rọ bá sì ti gba gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ ṣe, kíá ló máa ń rù. Ìwádìí kan jáde ní 2008 tó fi hàn pé láàárín wákàtí 18 sí 69 tí iṣan yẹn ò ṣiṣẹ́ rárá, ó ti rù débi tó hàn gbangba lábẹ́ maikirosíkóòpù. Kò tó ọjọ́ mẹ́ta o! Àwọn tiwa tí fáírọ́ọ̀sì kọlu ẹ̀dọ̀fóró wọn máa ń lo ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta nígbà míì, ẹ wá rò ó wò. Ká má tíì sọ pé túùbù fúnra ẹ̀ lè gbé kòkòrò míì wọlé, tàbí bí oògùn orun ṣe ń da orí rú tí aláìsàn á jí tí á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀.

Mi ò sọ pé ká sáré yọ ọ́. Ẹ̀dọ̀fóró tí fáírọ́ọ̀sì bà jẹ́ kì í tètè sàn, omi á kún inú àwọn àpò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ̀jẹ̀, gbogbo ẹ̀ á le. Ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ lèèyàn ń sọ̀rọ̀ yíyọ túùbù. Nígbà yẹn, ìmí kékeré là ń fún wọn, mílílítà 6 fún kílò kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara tí a fi gíga ẹni náà ṣírò, oògùn orun ń wọlé, àwọn tó le jù a máa ń dojú wọn bolẹ̀ fún bíi wákàtí 16 lójúmọ́. Tó bá jẹ́ kòrónà, wọ́n tún ń gba oògùn dexamethasone, láti 2020 tá a ti rí i pé ó ń dín ikú kù láàárín àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ ni gbogbo ayé ti ń lò ó. Gbogbo ìyẹn dáa. Ibi tí wàhálà wà ni pé ìṣesí ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn máa ń bá wa dé ọjọ́ kẹwàá. Aláìsàn ń sùn, mọnítọ̀ ò pariwo, kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan, oògùn orun á kàn máa lọ bẹ́ẹ̀ torí pé kò sẹ́ni tó béèrè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi nígbàgbọ́ nínú ìbéèrè àràárọ̀. Ní 1995 àwọn dókítà kan fi ọ̀nà oríṣiríṣi wéra, wọ́n rí i pé ẹni tí wọ́n jẹ́ kó gbìyànjú láti fúnra ẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yára kúrò lórí ẹ̀rọ ní bíi ìlọ́po mẹ́ta ju ẹni tí wọ́n ń dín iye ìmí tí ẹ̀rọ ń fún un kù díẹ̀díẹ̀. Ní 2008 àwọn míì wá so ó mọ́ jíjí aláìsàn, ẹ pa oògùn orun láàárọ̀, tó bá jí ẹ dán ìmí ẹ̀ wò, àwọn tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún tètè kúrò lórí ẹ̀rọ, wọ́n sì tètè kúrò ní ICU. Kò gba owó, kò gba ẹ̀rọ tuntun. Ó kàn gba pé kẹ́nì kan dúró síbẹ̀ kó béèrè pé ṣé òní kọ́?

Ti bàbá, ọ́síjìn tí ẹ̀rọ ń fún wọn ti wálẹ̀ sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún, PEEP wọn, ìyẹn agbára afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ ń fi sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn tí wọ́n bá mí jáde, jẹ́ 5, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn dúró láìsí oògùn tó ń gbé e sókè. Mo pa oògùn orun. Wọ́n la ojú, ẹ̀rù bà wọ́n lóòótọ́, ọwọ́ wọn lọ tààrà sí túùbù, mo dì í mú, mo ní "Bàbá, ẹ wà nílé ìwòsàn, nǹkan tó wà lẹ́nu yín yìí ló ń bá yín mí, ẹ ò ní lè sọ̀rọ̀ báyìí, ẹ bá mi di ọwọ́ mi mú." Wọ́n dì í mú. Le gan-an! A wá dín iṣẹ́ ẹ̀rọ kù kó kù díẹ̀ tó kàn tó láti borí ìnira mímí gba inú túùbù, a jókòó tì wọ́n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n ń mí ní ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kan tó mílílítà 400, tẹ́ẹ bá fi lítà 0.4 pín 24 ẹ ó rí 60, tó bá sì ti wà lábẹ́ 105 àmì dáadáa ni. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba nọ́ḿbà gbọ́ tán. Ọrùn ni mo máa ń wò, bóyá iṣan ibẹ̀ ń fà, bóyá ikùn ń wọlé nígbà tó yẹ kó jáde, bóyá òógùn ń bọ̀ níwájú orí, àti ojú, torí ẹni tí èémí ò tó, ojú ẹ̀ á sọ fún ẹ kí mọnítọ̀ tó sọ.

Ẹ wò ó, mo máa ń ronú nípa Copenhagen ní 1952 nígbà tí pólíò ń pa àwọn ọmọdé, tí ẹ̀rọ ò tó, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń fọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ fún wọn tọ̀sán tòru, wọ́n ń pín iṣẹ́ náà ṣe ní ṣíìfù. Mo máa ń rò ó pé àtẹ́lẹwọ́ wọn lá kọ́kọ́ mọ̀ tí ọmọ kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà á fúnra ẹ̀. Ọ̀nà tiwa jìn síyẹn báyìí, ẹ̀rọ ló wà láàárín, a ní láti mọ̀ọ́mọ̀ sún mọ́ ọn.

Kó tó di pé a yọ ọ́, a tú afẹ́fẹ́ inú bàlúùnù kékeré tó wà nídìí túùbù ká gbọ́ bóyá èémí ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, torí ọ̀fun tó ti wú lè pa dé lẹ́yìn tá a bá yọ ọ́. A gbọ́ ọ. A fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀, dókítà ní "Bàbá, ẹ wúkọ́ dáadáa!", túùbù jáde, a fi ọ́síjìn tó ń fẹ́ kíkan sí wọn nímú. Ohùn wọn ti há pátápátá. Omi ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè, ó sì dùn mí pé mi ò lè fún wọn, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n lè gbé mì kó má lọ gba ẹ̀dọ̀fóró. Mo fi fóòmù tútù pa ètè wọn.

Àǹtí tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ò rí bẹ́ẹ̀. Flu ló gbé tiwọn dé. Bíi ogún ìṣẹ́jú sí ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìmí tiwọn wò, ìmí wọn kọjá 35, òógùn bò wọ́n, ọkàn ń sáré, a dá ẹ̀rọ padà sípò kíá. Ẹnì kan lára wa ní kí la ń yọ wọ́n lẹ́nu sí, ṣé kì í ṣe ká jẹ́ kí wọ́n sinmi títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó yé mi, torí lóòótọ́ nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bá yọ túùbù fún, ó lè tó mẹ́wàá sí ogún tí wọ́n máa ní láti fi í padà, àìsàn irú wọn sì máa ń le sí i. Àmọ́ ICU tí wọn ò tíì dá túùbù padà fún ẹnikẹ́ni rí, èmi gbà pé wọ́n ń dá àwọn míì dúró lórí ẹ̀rọ ju bó ṣe yẹ lọ ni. Ìdánwò tí kò yọrí ń sọ nǹkan fún wa. Ti Àǹtí, dókítà fi ẹ̀rọ wo àyà wọn, omi ti pọ̀ jù lára wọn, ìgbà tí ẹ̀rọ ń ran ọkàn lọ́wọ́ kò hàn, ìgbà tá a dín in kù ló fojú hàn. Wọ́n ti fún wọn ní oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀. Tá ò bá dán an wò, ta ló fẹ́ mọ̀?

Ẹ̀rọ á gbé wọn sinmi di àárọ̀. Mo ti bá nọ́ọ̀sì alẹ́ sọ ọ́, a sì ti kọ ọ́ sínú fáìlì: kí wọ́n ka iye ìtọ̀ tó bá jáde, kí wọ́n yẹ pòtásíọ̀mù àti fọ́sífétì inú ẹ̀jẹ̀ wò torí tí wọ́n bá lọlẹ̀ iṣan ò ní lágbára, fisíò, ẹni tó ń bá aláìsàn lo iṣan ara, náà ní òun á tètè dé. Èmi ni mo wà lórí iṣẹ́ láàárọ̀. Tí Àǹtí bá la ojú tí wọ́n sì di ọwọ́ mi mú, a ó tún gbìyànjú.