Ẹ̀bẹ̀ Ń Rọ Ọkàn, Kì Í Yanjú Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́

Ìdí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo wà ní agbègbè Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, níbi tí mo ti jẹ́ alábòójútó àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀kọ́ tó wúlò fún mi jù lọ níbẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ìbínú, ọ̀tọ̀ ni ohun tó fà á. Bí òṣìṣẹ́ méjì bá jà, àgbà kan yóò dìde, yóò ní kí àbúrò kúnlẹ̀ tàbí kí ó dọ̀bálẹ̀, ẹ̀gbọ́n yóò ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kálukú yóò sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. N kò kórìíra ẹ̀bẹ̀ o, nítorí ibi tí àgbà kò bá ti ní ọ̀wọ̀, ta ni yóò lè pàṣẹ níbẹ̀? Ṣùgbọ́n bí a bá bẹ̀bẹ̀ tán tí a kò yẹ iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wò, ìjà yẹn kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwé ètò ìsìnkú kan tí wọ́n gbé fún wa, èyí tí àwọn ọmọ olóògbé fẹ́ lò ní ọjọ́ Jímọ̀. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ tán, orúkọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò sí níbẹ̀. Bàbá tó ń wa máṣíìnì ní, "Ọmọ yìí kì í gbọ́ràn." Ọmọbìnrin tó ń ṣètò iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ní, "Ẹ bá mi bi Bàbá bóyá wọ́n béèrè kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́." Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ń sọ fún un pé kí ó kúnlẹ̀. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, mo pe àwọn méjèèjì lọ́kọ̀ọ̀kan sí kọ̀rọ̀, n kò sì béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí mo béèrè ni ohun tó dé ọwọ́ wọn, ìgbà tó dé, àti ẹni tó fún wọn. Ó hàn pé ìgbà tí wọ́n ti ṣe pílétì, irin pẹlẹbẹ tí a fi ń tẹ̀wé, tán ni oníbàárà fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà lórí WhatsApp, àti pé ìlànà ilé iṣẹ́ kò yan ẹnikẹ́ni tí yóò sọ pé, "Ó yá, ẹ lè tẹ̀ ẹ́." Láti ìgbà náà, a kì í ṣe pílétì àfi tí oníbàárà bá ti fọwọ́ sí ìwé àyẹ̀wò. Ìjà àwọn méjèèjì sì rọlẹ̀ gan-an.

Karen Jehn, onímọ̀ kan tó ṣe ìwádìí nípa ìjà láàárín òṣìṣẹ́, ya awuyewuye lórí iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìkùnsínú láàárín ènìyàn nínú ìwádìí tó gbé jáde ní 1995. Nígbà tí Carsten De Dreu àti Laurie Weingart kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ ní 2003, wọ́n rí i pé àti awuyewuye iṣẹ́ àti ìkùnsínú ló sábà máa ń bá iṣẹ́ tí kò yọrí rìn, pàápàá níbi tí awuyewuye iṣẹ́ bá ti wọnú ìkùnsínú. Èyí ni mo fi ń sọ pé kí a tètè dá iṣẹ́ àti ènìyàn sí ọ̀tọ̀, kí ọ̀rọ̀ tó di "kì í gbọ́ràn."

Ewu kan tún wà tí ó ń dùn mí. Bí ó bá jẹ́ pé àbúrò ni a ń dá lẹ́bi nígbà gbogbo nítorí ọjọ́ orí, yóò kọ́ láti panu mọ́. Yóò rí àṣìṣe lórí pílétì, kò ní sọ, àwa àti oníbàárà ni yóò sì jọ fara gbá a. Nítorí náà, ẹ má ṣe tọ́ àgbà sọ́nà lójú àwọn ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ orí rẹ̀ rọ́pò ìdáhùn. Ẹ gbọ́ tẹnu méjèèjì, ẹni tó bá dá ẹjọ́ lórí àwíjàre ẹnìkan ti ṣìkà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fìdí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ múlẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ ara wọn. Ìgbà yẹn ni ẹ̀bẹ̀ náà máa ń wọlé.

Ti olè, ìlùni tàbí fífi ọwọ́ pa obìnrin lára láìgbàṣẹ kò sí lára èyí. Ẹ má ṣe fi ẹ̀bẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ síwájú ọ̀gá àgbà lọ́jọ́ náà gan-an.