Orin àtà, ìyèré, àti ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi

Orin àtà kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé òun. Bí ẹ bá fi eyín họ èèpo egbò rẹ̀, tí ẹ rún un díẹ̀, ahọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ta wìnnìwìnnì, itọ́ á máa ya wá sẹ́nu, tó bá sì yá, ètè á kú, ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n lára mọ́. Ìyá mi àgbà gbà pé orin tí kò bá ta ahọ́n, igi lásán ni. Igi náà kún fún àwọn èròjà tí a ń pè ní amide, fagaramide sì wà lára wọn. Irú wọn ló ń dá iṣan ahọ́n lágara. Alkaloid bíi fagaronine àti chelerythrine náà wà níbẹ̀, àwọn yẹn sì ń bá kòkòrò ẹnu jà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí eyín ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Tìtorí ẹ̀jẹ̀ ni.

Àbúrò mi ọkùnrin, SS ni, ìyẹn àrùn ẹ̀jẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní sickle cell. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé ò nílò àlàyé. Òru tí orúnkún àti ìgbáròkó ń ro ó, tí kò sí ẹ̀gbẹ́ tó lè fi lélẹ̀. Ojú tó pọ́n bíi ti ẹni tí ibà pọ́njú ń ṣe. Màmá mi ń se àgbo, bàbá mi ń gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọn ò sì bá ara wọn jà lórí ẹ̀ rí, torí ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá. Àárín ìkòkò àgbo àti káàdì ilé ìwòsàn ni mo dàgbà sí. Òun ló gbé mi dé ìdí iṣẹ́ apòògùn.

Ní nǹkan bí 1970, àwọn olùkọ́ ìmọ̀ oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ ń yẹ àwọn orin tí a fi ń fọ eyín wò, wọ́n fẹ́ mọ èyí tó ń pa kòkòrò. Inú àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n po ẹ̀jẹ̀ mọ́ oúnjẹ kòkòrò ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n wá kíyè sí i pé níbi tí omi orin àtà bá kàn, ẹ̀jẹ̀ kì í ṣú, pípọ́n ló ń pọ́n fòò bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á. Ẹlòmíì ì bá fọ àwo náà kó sì máa bá iṣẹ́ eyín lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró tì í. Ní 1971 ìwé wọn jáde pé omi egbò orin àtà ń dá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti ká padà sípò nínú ìgò àyẹ̀wò. Ní 1975 òmíràn jáde, lórí bóyá ó ní májèlé àti ìdánwò àkọ́kọ́ lára àwọn aláìsàn. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí púpọ̀, torí orin ẹnu wa ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, àwọn èèyàn tó ń rún orin náà láràárọ̀ ló sì rí i.

Kí la ń pè ní kíká sẹ́ẹ̀lì? Hemoglóbìn ló ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Okùn mẹ́rin ló para pọ̀ di ọ̀kan: alpha méjì, beta méjì. Amino acid, èròjà kéékèèké tí a fi hun okùn náà, 146 nínú wọn ló tò tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí beta kọ̀ọ̀kan. Lára ẹni tó jẹ́ SS, ẹyọ kan ṣoṣo ló yàtọ̀, ẹ̀kẹfà: valine ló jókòó síbi tó yẹ kí glutamic acid wà. Vernon Ingram ló rí i ní Cambridge ní nǹkan bí 1956. Valine ò fẹ́ràn omi. Bí hemoglóbìn bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀, valine yẹn á wá ibì kan forí pamọ́ sí lára hemoglóbìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á so mọ́ òmíràn, títí wọn á fi di okùn gígùn tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì síta. Sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó rí roboto á wá ká bíi dòjé, á le, kò ní lè kọjá nínú iṣan tín-ín-rín. Ibi tó bá há sí, ibẹ̀ ni ìrora wà. Sẹ́ẹ̀lì tó pé máa ń lo 120 ọjọ́; ti SS, ọjọ́ 10 sí 20 péré ni. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ kì í fi í tó wọn.

Tí ẹ bá ti mọ bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí èròjà inú egbò lè ti ṣiṣẹ́. Ó lè dí ibi tí valine ń forí pamọ́ sí. Ó lè jẹ́ kí hemoglóbìn di ọ́síjìn mú fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ó sì lè dáàbò bo awọ sẹ́ẹ̀lì kí omi inú rẹ̀ má gbẹ. Nínú orin àtà, àwọn ásíìdì kéékèèké tó ní òrùka benzene ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, irú bíi hydroxybenzoic acid àti vanillic acid. Nígbà tó yá, àwọn oníṣẹ́ ìwádìí ní Burkina Faso rí mẹ́ta mìíràn nínú èèpo egbò rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ìlú wọn sọ wọ́n: burkinabin A, B àti C. Vanillic acid méjì ló so mọ́ quinic acid nínú wọn.

Mo ṣe àyẹ̀wò yìí fúnra mi nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi ni mo lò. Òun ló na apá sí mi pé kí n gbà á. Ẹ ó kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí dígí, ẹ ó kán sodium metabisulphite sí i láti fa ọ́síjìn kúrò, ẹ ó fi dígí tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, ẹ ó sì fi Vaseline dí etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Lẹ́yìn náà ẹ ó dúró. Lábẹ́ maikirosikópù, mo rí sẹ́ẹ̀lì roboto tí wọ́n ń yọ ẹnu ṣóńṣó lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dígí fi kún fún dòjé. Mo wá gbé dígí kejì sí i, èyí tí mo fi omi orin àtà sí. Àwọn kan ká níbẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù ṣì rí roboto. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí mo mọ̀ ni o. Ọ̀gá wa ní láàbù ní kí n kà wọ́n, ojú mi ò sì ríran dáadáa fún ìgbà díẹ̀.

Kò sí ẹ̀dọ̀ lórí dígí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìfun. Èròjà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè má dé inú ẹ̀jẹ̀ rárá bí èèyàn bá mu ún, tàbí kó dé ibẹ̀ ní ìwọ̀n tí kò tó nǹkan. Ibi tí iṣẹ́ ti le nìyẹn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí àwa tó ń sọ pé “ewé ń jẹ́” máa gbé ọ̀rọ̀ dé.

Mo lọ sí ọjà Bódè n'Íbàdàn láìpẹ́ yìí, sọ́dọ̀ màmá ẹlẹ́wẹ́ọmọ kan tí mo máa ń rà lọ́wọ́ wọn.

“Ẹ kú ọjà o, Ìyá.”

“Oo, ọmọ mi. Kí la máa fún ọ?”

Mo ní mo fẹ́ ìyèré, osùn, kànáfùrù àti èèpo ọkà bàbà. Wọ́n dá ọwọ́ dúró. “Ẹ̀jẹ̀ ni o fẹ́ fi ṣe. Ta ni?”

“Àbúrò mi ni, mà.”

“Pẹ̀lẹ́. Àwọn mìíràn, omikan ni kó o fi rẹ wọ́n. Ìyèré ní tiẹ̀, ọtí ló ń fẹ́.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìyèré. Piperine ló ń ta nínú rẹ̀, piperine kì í sì í yọ́ sínú omi dáadáa, ọtí ló ń fà á jáde. Omikan tó wà lórí ògì ní tiẹ̀ kan. Ọ̀pọ̀ alkaloid, tí omi lásán ò rí fà, máa ń di iyọ̀ nínú omi kíkan, wọn á sì yọ́ sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá fi omi ẹ̀rọ rẹ ohun tó yẹ kó fi omikan rẹ, oògùn mìíràn ló mu. Tí ẹ bá ń gba àgbo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní ohun tó fi rẹ ẹ́.

Mi ò ṣàdédé dárúkọ nǹkan mẹ́rin yẹn. Àwọn ló wà nínú Niprisan, oògùn kan tí wọ́n fi ewé àti egbò ilẹ̀ wa ṣe fún àwọn SS. Ọwọ́ Ẹni Ọ̀wọ̀ Ògúnyalé, ọmọ Yorùbá, oníṣègùn, ni ilé ìwádìí oògùn ìjọba tó wà l'Ábújá, NIPRD, ti gba ìmọ̀ rẹ̀ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe wà níbẹ̀. Èso ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti bàbà. Nínú bàbà ni apigeninidin wà, àwọ̀ pupa tí wọ́n fi ń pa wàrà láró ní orílẹ̀-èdè Benin. Nínú kànáfùrù ni eugenol wà. Wọ́n fún àwọn aláìsàn 82 nínú ìdánwò tí ẹni tó ń mu ún àti dókítà ò mọ èyí tó jẹ́ oògùn gan-an, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní 2001: ìrora líle ń dín kù nígbà tí wọ́n ń lò ó. Ní Philadelphia, ó ṣiṣẹ́ lára eku tí wọ́n fi hemoglóbìn SS sí. Ilé iṣẹ́ Xechem ti Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ rẹ̀, NAFDAC fọwọ́ sí i, ó jáde ní 2006 pẹ̀lú orúkọ Nicosan. Ní 2008 ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, oògùn náà sì di ọ̀wọ́n.

Inú mi ń bàjẹ́ sí èyí títí di òní. Kì í ṣe ewé ló kùnà. Owó ló tán nídìí ẹ̀. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn yìí ní Nàìjíríà lọ́dọọdún, ohun tí a sì dán wò tí a rí i pé ó ṣèrànwọ́ ló já bọ́ lọ́wọ́ wa bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ọ̀rọ̀ mi da hydroxyurea nù, ìyẹn oògùn tí dókítà ń kọ fún àwọn SS. Òun ń jẹ́ kí ara ṣe hemoglóbìn ọmọ ìkókó, èyí tí kì í bá valine so pọ̀, ẹ̀rí rẹ̀ sì lágbára ju ti gbogbo ohun tí mo dárúkọ níbí lọ. Kí ẹ sì mọ̀ pé piperine ń dí iṣẹ́ CYP3A4 lọ́wọ́, ìyẹn ẹ̀rọ inú ẹ̀dọ̀ àti ìfun tó ń tú ọ̀pọ̀ oògùn ká. Ẹni tó bá ń mu ìyèré púpọ̀ pẹ̀lú oògùn mìíràn lè rí i pé oògùn yẹn pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n tí dókítà kọ ló lò. Irú ọ̀rọ̀ kan náà ni ti aṣọ́fẹ́yẹjẹ: reserpine inú rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó ń rọ ẹni tí orí rẹ̀ dàrú lójú, àmọ́ bó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, ọkàn èèyàn náà á sì rẹ̀wẹ̀sì. Níbi iṣẹ́ mi, gbogbo ẹni tó bá gbé ìwé oògùn wá ni mò ń bi ní àgbo tó ń mu. Mi ò ní kí wọ́n dá a dúró o. Mò ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ni, kí dókítà lè rí i.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tó ń ká mi lára: egbò ni a ń wá lára orin àtà, ẹni tó bá sì hú egbò pa igi ni. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ní oko lẹ́bàá Ìgbóọrà ti gbà kí a gbin orin àtà àti osùn síbẹ̀ nígbà òjò tó ń bọ̀. Orin àtà ló ń fún wa níṣòro, irúgbìn rẹ̀ ò yá láti hù. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti gbìn ín rí, tàbí tó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ọmọ igi rẹ̀, ẹ bá mi sọ ọ́ nísàlẹ̀.