Àyẹ̀wò ọdún 2025: dọ́là, epo bẹntiróòlù àti kóńgò gàrí

Ọdún kejì ni mo wà báyìí nínú ẹ̀kọ́ másítàs mi ní Tinbergen Institute, ní ìlú Amsterdam. Ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣúná ni mò ń kọ́, ìwádìí ni wọ́n sì gbé gbogbo rẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ másítàs ní Netherlands, ọdún kan péré ni. Ọdún méjì ni tiwa, torí pé kì í ṣe kí èèyàn mọ ohun tí àwọn tó ṣáájú ti sọ nìkan ni wọ́n ń fẹ́. Wọ́n fẹ́ kó lè wádìí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì wádìí, kó sì lè gbèjà rẹ̀ níwájú àwọn tó máa gbìyànjú láti wó o. Jan Tinbergen tí wọ́n sọ ilé ẹ̀kọ́ náà lórúkọ mọ́, físíìsì ló kọ́kọ́ kà kó tó yà sídìí ọrọ̀ ajé. Òun àti Ragnar Frisch, ọmọ Norway, ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ yìí ní 1969. Físíìsì yẹn ò tíì kúrò nílé náà. Ìṣirò la fi ń jí, ìṣirò la fi ń sùn.

Títí di oṣù Kẹfà, kíláàsì àti ìdánwò ló gba gbogbo àkókò mi, mi ò ní fa ìyẹn gùn. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dárúkọ: iṣẹ́ tí Philippe Aghion àti Peter Howitt tẹ̀ jáde ní 1992, lórí bí ohun tuntun ṣe ń lé ohun àtijọ́ kúrò lọ́jà tí ọrọ̀ ìlú sì ń tibẹ̀ pọ̀ sí i. A yanjú ìṣirò rẹ̀ ní kíláàsì. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, àwọn méjèèjì gba Nobel pẹ̀lú Joel Mokyr, tí wọ́n bí sí Leiden, nítòsí wa níbí. Inú mi dùn bí ẹni pé ará ilé mi ló gbà á.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbà mí lọ́kàn jù lọ́dún yìí ni ìbéèrè kan: kí ló fa kí ni? Lọ́dún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà gbé èlé sókè lẹ́ẹ̀mẹfà, láti 18.75 nínú ọgọ́rùn-ún dé 27.50. Síbẹ̀, ọ̀wọ́n gógó ọjà parí ọdún náà lókè ju ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ. Àwọn kan ní èlé yẹn ló sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Ó lè lọ́wọ́ sí i lóòótọ́, torí oníṣòwò tó yáwó máa gbé èlé lé ọjà lórí. Àmọ́ ilé tí àìsàn bá wọ̀ ni oníṣègùn ń lọ. Rírí tí a rí i lẹ́nu ọ̀nà kọ́ la fi máa sọ pé òun ló kó àìsàn wá. Torí pé ọjà ń wọ́n ni báńkì ṣe ń gbé èlé sókè. Yíya ìdí sọ́tọ̀ kúrò lára àbájáde, iṣẹ́ econometrics, ìyẹn fífi ìṣirò wádìí ọ̀rọ̀ ajé, gan-an nìyẹn.

Ní oṣù Kejì, NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún orílẹ̀-èdè wa, kéde pé ọ̀wọ́n gógó ti já láti 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún sí 24.48 láàárín oṣù kan. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní Bódìjà pè mí láti Ìbàdàn. "Àbúrò mi, ọjà wo ni wọ́n ti rí i? Bá mi bi wọ́n." Mo ṣàlàyé fún wọn pé ohun tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n ló yí padà: iye ọjà ọdún 2009 ni wọ́n ti ń gbé e lé tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wá gbé e lé ti 2024, wọ́n sì dín ìpín oúnjẹ kù nínú rẹ̀. Mo fara mọ́ àtúnṣe náà, torí ohun tí à ń ná owó lé lórí ní 2009 kọ́ là ń ná an lé lórí báyìí. Àmọ́ ẹni tó bá to nọ́ńbà méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsọ èyí ń ṣi aráàlú lọ́nà.

Àpilẹ̀kọ tí mo máa fi gboyè wá láti inú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Mo fẹ́ mọ ìwọ̀n tí jíjá náírà fi kún owó oúnjẹ. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló wà láàárín wọn. Oúnjẹ gbówó lórí. Èwo nínú méjèèjì la máa dá lẹ́bi? Ọgbọ́n tí mo dá nìyí. NBS máa ń tẹ iye owó oúnjẹ jáde ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra ìrẹsì òkèèrè, epo ni wọ́n fi ń kó o. Oko wa ni gàrí ti wá, epo ló fi ń dé ọjà. Tí mo bá yọ ohun tó lé lórí gàrí kúrò nínú ohun tó lé lórí ìrẹsì, ìyókù yẹ kó jẹ́ ti dọ́là. Òótọ́ ni pé dọ́là la fi ń ra epo pàápàá wọlé nígbà náà, ìyẹn sì jẹ́ kó lọ́jú pọ̀, àmọ́ èèyàn ní láti bẹ̀rẹ̀ níbì kan.

Mo sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Wọ́n ní, "Nígbà tí ìrẹsì wọ́n, kí lo rò pé àwọn èèyàn lọ ń jẹ? Gàrí ni gbogbo wọn ya bò! Ìyẹn náà wà lára ohun tó gbé e lówó lórí." Ọ̀rọ̀ náà wọlé gan-an. Bí dọ́là bá lé èèyàn kúrò nídìí ìrẹsì lọ sídìí gàrí, dọ́là ti wọnú owó gàrí nìyẹn, àyọkúrò mi yóò sì fi agbára dọ́là hàn ní kékeré ju bó ṣe tó lọ. Olùtọ́sọ́nà mi ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere: iye tí mo bá rí, ó kéré tán ni, òótọ́ lè ga jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tún ní kílò ni NBS ń kọ, kóńgò la fi ń tà, pé bí ọjà bá le, ẹlòmíì ò ní fowó lé e, á kàn lo kóńgò tí wọ́n ti tẹ ìdí rẹ̀ wọlé.

Lọ́dún tó ń bọ̀, mo máa parí àpilẹ̀kọ náà. Mo ti kọ̀wé béèrè àyè PhD níbi mélòó kan, mo sì ń gbàdúrà. Màámi ń bi mí ìgbà tí mo máa wálé. Mi ò tíì ní èsì fún wọn, ṣùgbọ́n níbikíbi tí mo bá wà, ọ̀rọ̀ ọjà ilé wa ni mo fẹ́ máa wádìí. Ẹ̀gbọ́n mi ti ra òṣùwọ̀n. Láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kìíní, wọ́n á máa wọn kóńgò gàrí àti ti ìrẹsì ní Bódìjà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì máa fi kílò àti owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ẹni tó bá lè bá mi ṣe irú ẹ̀ lọ́jà Ògbómọ̀ṣọ́, Àkúrẹ́ tàbí Iléṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi.