Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí fóònù: ẹ rọra pẹ̀lú àfikún lìmíìtì o

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ ìdáhùn fóònù fún káàdì ilé ìtajà, ìyẹn káàdì téèyàn fi ń ra ọjà láwìn, ní Amẹ́ríkà níbí, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fa kíláàsì àwọn tuntun lé mi lọ́wọ́, èmi tí wọ́n ti fún ní lẹ́tà ìkìlọ̀ rí nínú ilé iṣẹ́ kan náà, ẹ ò rí nǹkan. Inú mi dùn sí i, kí n má purọ́, torí àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n rò pé mi ò ní pẹ́ kúrò. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó ti àwọn ọmọ yìí tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dá oníbàárà lóhùn, obìnrin kan ní kí wọ́n fi kún lìmíìtì òun, ìyẹn iye tó pọ̀ jù téèyàn lè ná lórí káàdì ẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ṣàdédé ní "ẹ má ṣèyọnu ma, kò ní kan sìkọ́ọ̀ yín rárá", ìyẹn máàkì tí àwọn báńkì fi ń mọ̀ bóyá èèyàn ń san gbèsè dáadáa, àyà mi já, torí gbólóhùn yẹn gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí nìyẹn.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tí lìmíìtì jẹ́ o, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ṣí àkáǹtì oníbàárà, ẹ ti ṣe ìyẹn tán ní training. Ohun tí training kì í sọ ni mo fẹ́ sọ, màá sì tò ó ní kọ̀ọ̀kan kó lè yá.

Àkọ́kọ́, ẹ mọ ohun tí oníbàárà ń wá. Àwọn kan fẹ́ ra nǹkan ńlá tí lìmíìtì wọn ò gbé. Àwọn kan ò sì fẹ́ ra nǹkan kan, sìkọ́ọ̀ ni wọ́n ń tún ṣe, ẹ̀yin ẹ ò ní mọ̀ àfi tẹ́ ẹ bá bi wọ́n. Lìmíìtì káàdì ilé ìtajà sábà máa ń kéré, ẹni tí tiẹ̀ jẹ́ $500 tó bá ti jẹ $450, ó ti lo ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, bẹ́ẹ̀ gbèsè yẹn ò tó nǹkan. Tí wọ́n bá gbé lìmíìtì ẹ̀ dé $1,500, $450 kan náà di ìdá 30, bí ìdá yẹn bá sì ṣe kéré tó ni sìkọ́ọ̀ ń sàn tó. Sìkọ́ọ̀ FICO, èyí tí ọ̀pọ̀ báńkì ń lò, tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 300 tó ń dé 850, gbèsè téèyàn jẹ ló kó nǹkan bí ìdá 30 nínú ìṣirò ẹ̀, bó ṣe ń sanwó lásìkò ló kó 35. Torí náà ẹni tó jẹ́ pé sìkọ́ọ̀ ló ń wá, tó bá lè san lára gbèsè yẹn kí statement, ìyẹn ìwé ìṣirò gbèsè oṣù, tó jáde, ó ti rí ohun tó ń wá láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sọ fún un. Kò sí nínú script, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ fún wa láti máa kà, ṣùgbọ́n wọn ò kọ ọ́ síbì kankan pé kí ẹ má sọ ọ́.

Ẹni tó sì fẹ́ ra nǹkan ńlá lórí "oṣù 12 láìsí èlé", ẹ rán an létí pé tó bá ku dọ́là kan péré nígbà tí oṣù 12 bá pé, èlé ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ra ọjà ni wọ́n máa padà kà fún un, èlé káàdì ilé ìtajà kì í sì í ṣe eré, ọ̀pọ̀ wọn ti kọjá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mo kàn ní kí n fi ìyẹn kún un ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ owó tó ń wọlé fún wọn. Àwọn oníbàárà máa ń bínú pé kí ló kàn yín nínú owó oṣù àwọn. Òfin CARD Act ọdún 2009 ló ní kí báńkì wò ó bóyá èèyàn lágbára láti san án kí wọ́n tó fún un ní káàdì tàbí kí wọ́n tó fi kún lìmíìtì ẹ̀. Ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 21, ó lè ka owó tó ń wọlé fún ọkọ tàbí ìyàwó ẹ̀ mọ́ tiẹ̀ tó bá jẹ́ owó tọ́wọ́ òun náà ń tó, wọ́n ti tún ìlànà yẹn ṣe láti 2013, ẹni tí kò tíì pé 21 àfi owó tiẹ̀. Ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí nìyẹn. Ẹ má kọ́ ẹnikẹ́ni níye tó máa pè! Ẹnìkan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà kan tó máa ń sọ fún oníbàárà pé "tẹ́ ẹ bá pè é ní báyìí báyìí, wọ́n á gbà á fún yín", ó ń ṣàánú wọn lójú ara ẹ̀, kò mọ̀ pé irọ́ owó oṣù tí wọ́n pa fún báńkì láti fi gba ìyáwó, ẹ̀ṣẹ̀ tó lè dé kóòtù ìjọba àpapọ̀ ni. Ẹ má sì ṣe òdìkejì ẹ̀ náà, kí bàbá àgbàlagbà ní owó Social Security tí ìjọba ń fún àwọn àgbàlagbà ló ń wọlé fóun kí ẹ wá ní kó má wulẹ̀ béèrè. Òfin Equal Credit Opportunity Act ti wà láti 1974, kò gbà kí ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú owó torí pé ọ̀dọ̀ ìjọba ló ti ń wá, bẹ́ẹ̀ náà ni kò gbà á nítorí ọjọ́ orí.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìyẹn gan-an ni mo tìtorí ẹ̀ jókòó.

Ẹ ti kọ́ ọ pé ọ̀nà méjì ni báńkì ń gbà wo ìwé kírẹ́díìtì èèyàn, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó ṣe ń yáwó àti bó ṣe ń san án. Soft pull, ẹni tó ni ìwé nìkan ló ń rí i, kì í kan sìkọ́ọ̀. Hard pull, gbogbo ẹni tó bá wo ìwé náà ló máa rí i, ó máa wà níbẹ̀ fún ọdún 2, FICO á máa kà á fún oṣù 12. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbé tó 5 lórí sìkọ́ọ̀, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń fojú di í. Ẹni tí kò fẹ́ yáwó níbòmíì lè má mọ̀ ọ́n lára. Àmọ́ ẹ ò mọ ẹni tó wà lórí kọ́ọ̀lù.

Nígbà témi wọṣẹ́ yìí, ọ̀gá wa lẹ ìwé pélébé kan mọ́ ara kọ̀ǹpútà gbogbo wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé tí oníbàárà bá béèrè bóyá àfikún lìmíìtì máa kan sìkọ́ọ̀ òun, ká ní rárá, ká máa lọ. Ẹ mọ̀ pé ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń díwọ̀n wa, ẹni tó bá sì pẹ́ lórí ìbéèrè yẹn, ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n máa pè lójú gbogbo ènìyàn. A wá mọ gbólóhùn yẹn sórí bí àdúrà àárọ̀.

Ibi tó burú sí ni pé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà á wo oníbàárà wò pẹ̀lú soft pull, á gbé iye tó lè fi kún un jáde. Tí oníbàárà bá gbà á, ó parí síbẹ̀, kò kan sìkọ́ọ̀ kankan. Tó bá ní ó kéré, òun fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ìwé míì ló máa ṣí, ìyẹn ló ń gbé e lọ sí underwriting, níbi tí wọ́n ti ń yẹ oníbàárà wò fínnífínní, hard pull sì ni. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni ìwé pélébé yẹn ń sọ, kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé méjì ni wọ́n. Disclosure, ìyẹn àlàyé tó ní wọ́n lè wo ìwé kírẹ́díìtì ẹ̀, wà nísàlẹ̀ tó yẹ ká kà fún oníbàárà lóòótọ́, ọ̀gá wa ní ká máa sáré kà á, pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ.

Obìnrin kan pè. Ohùn ẹ̀ tutù, ó níwà, irú oníbàárà téèyàn máa ń gbàdúrà fún lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá le. Lìmíìtì ẹ̀ jẹ́ $1,200, ó fẹ́ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ àti èyí tó ń gbẹ aṣọ, kọ̀ǹpútà ní òun lè fi $400 kún un. Ó ní kò tó, ṣé kò lè dé $3,000. Ó wá bi mí, ó bi mí dáadáa o, kò sí ohun tó fi pamọ́: "Ṣé kò ní kan kírẹ́díìtì mi? Torí mò ń ra ilé lọ́wọ́." Mo gbójú sókè wo ìwé pélébé, mo ka ohun tó wà níbẹ̀ fún un. Mo tẹ $3,000. Wọn ò gbà. Wọ́n ní gbèsè orí àwọn káàdì ẹ̀ yòókù ti ga jù, $400 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an, ojú kọ̀ǹpútà ti gbé e lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, ó ní kò burú, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tó tún pè, orúkọ mi ló fi béèrè. Báńkì tó fẹ́ yá a lówó ilé tún ìwé kírẹ́díìtì ẹ̀ wò kí wọ́n tó parí ètò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, wọ́n rí hard pull tuntun, wọ́n ní kó kọ lẹ́tà kó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ṣe, kó sì fi hàn pé òun ò jẹ gbèsè tuntun. Kí wọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ọjọ́ tí báńkì ṣèlérí pé èlé owó ilé ẹ̀ ò ní yí padà ti kọjá, ó wá sanwó kí wọ́n tó sún un síwájú. Kò pariwo mọ́ mi. Ó kàn ní kí n tún ohun tí mo sọ fóun lọ́jọ́ yẹn sọ. Kí ni n bá wí? Mo ní ẹ dákun ẹ jẹ́ n pe ọ̀gá wa, ọ̀gá wa ò gbé e.

Obìnrin náà gbé ẹjọ́ lọ sí CFPB, àjọ ìjọba tó ń gbèjà àwọn oníbàárà báńkì, ó sì lẹ́tọ̀ọ́. Ẹ̀sùn tó bá ti gba ibẹ̀ wá, ilé iṣẹ́ kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, ọjọ́ 15 ni wọ́n sábà ń retí èsì. Lọ́gán ni wọ́n fa rẹ́kọ́ọ̀dù jáde. Wọ́n pè mí wọlé, wọ́n jẹ́ kí n gbọ́ ohùn èmi fúnra mi, ọ̀gá wa jókòó síbẹ̀ ó ń mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Mo ní ìwé pélébé ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ìwé wo? Mo mú wọn jáde lọ síbi iṣẹ́, ara gbogbo kọ̀ǹpútà ti mọ́ fóò, wọ́n ti ya gbogbo ẹ̀. Fóònù ò gbọdọ̀ wọ ibi iṣẹ́ wa, kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ẹ̀. Àwọn tá a jọ ń ka gbólóhùn yẹn lójoojúmọ́ ń wo ilẹ̀. Mo tọwọ́ bọ̀ lẹ́tà ìkìlọ̀, wọ́n yọ owó ìmọrírì oṣù yẹn, ọ̀gá wa ní tiẹ̀ gòkè lọ sí ẹ̀ka míì kó tó pẹ́. Ẹni tó bá ní kí n dárí jì í, kó kọ́kọ́ bá mi wá ìwé yẹn jáde.

Torí náà, ẹ̀yin ọmọ tuntun, ẹ gbọ́ mi. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá sọ lórí fóònù yẹn, ohùn yín ni, kì í ṣe ti ọ̀gá. Ọ̀gá ò sí nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Tí ọ̀gá bá ní kí ẹ máa sọ nǹkan kan, ẹ ní kó fi í ránṣẹ́ ní email, kẹ́ ẹ wá wo bó ṣe máa dákẹ́. Tí oníbàárà bá béèrè ọ̀rọ̀ sìkọ́ọ̀, ohun tẹ́ ẹ máa sọ nìyí: báńkì lè wo ìwé kírẹ́díìtì yín, tó bá jẹ́ hard pull ó lè kan sìkọ́ọ̀ yín, ṣé kí n tẹ̀ síwájú? Kẹ́ ẹ wá dákẹ́ dúró gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kì í ṣe kí ẹ máa tẹ bọ́tìnnì lọ kí wọ́n tó dáhùn, mo ń rí yín! Kí ẹ tó kúrò lójú ìwé àkọ́kọ́, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń múra àtiyáwó ilé tàbí ti mọ́tò. Tí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní kí wọ́n parí ìyẹn ná, tàbí kí wọ́n mú kékeré tó wà nílẹ̀. Ẹni tó sì mẹ́nu ba ilé rírà fúnra ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bi í, ṣé ẹ tún fẹ́ kí áńgẹ́lì sọ̀kalẹ̀ wá sọ fún yín ni?

Mo fẹ́ kọ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin àti ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, inú ti ń bí mi báyìí, ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́. Ẹni tí wọn ò bá gbà fún, ẹ má ní kó tún pè lọ́la bóyá á ṣeé ṣe, wọ́n tún lè fi ìyẹn wo ìwé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní kó retí lẹ́tà. Láàárín ọjọ́ 30 lòfin ní kí báńkì fèsì, lẹ́tà náà á sọ ìdí tí wọn ò fi gbà tàbí bó ṣe lè béèrè ìdí náà. Tó bá jẹ́ ìwé kírẹ́díìtì ni wọ́n fi kọ̀ ọ́, orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti gba ìwé náà, Equifax, Experian tàbí TransUnion, máa wà níbẹ̀, ó sì ní ọjọ́ 60 láti gba ẹ̀dà ìwé ara ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Tí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, kó bá àwọn yẹn fà á. Obìnrin tí mo sọ yẹn, mi ò sọ ìkankan nínú èyí fún un, torí ìṣẹ́jú ti lọ.

Ní ti ìṣẹ́jú, wọ́n á pariwo mọ́ yín pé kọ́ọ̀lù yín gùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo. Èmi ni mò ń ka ìṣẹ́jú kíláàsì mi báyìí, mo sì ti kọ̀wé ránṣẹ́ sókè pé mi ò ní ka ti àfikún lìmíìtì mọ́ wọn lọ́rùn. Ní email ni mo fi í ránṣẹ́ o. Wọ́n ní àwọn ń rò ó.