Ọjọ́ Tí Ìdajì Hù: Àkọsílẹ̀ Irúgbìn Mi Lásìkò Yìí

Kí n tó fọwọ́ kan erùpẹ̀

Ìwé tí mo ń lò fún irúgbìn lásìkò yìí kò tóbi. Ó wọ àpò aṣọ, ẹ̀yìn rẹ̀ le, mo sì fi okùn so pẹ́ńsù mọ́ ọn. Ẹ̀gbẹ́ àwọn tíréè tí mo to ife irúgbìn sí ló ń gbé, kì í wọ yàrá. Ohun tí ojú bá rí lórí erùpẹ̀, ibẹ̀ náà ni mo ti ń kọ ọ́, torí tó bá fi máa di alẹ́, mẹ́ta á ti di "bíi mẹ́rin", àná á sì ti di "ìjẹta, àbí?"

Òpó tí mo fà sójú ewé kọ̀ọ̀kan nìyí: orúkọ ọ̀gbìn àti irú rẹ̀, ọdún tí wọ́n ká irúgbìn náà, iye hóró tí mo gbìn, ọjọ́ tí mo gbìn ín, ooru erùpẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ọjọ́ tí àkọ́kọ́ yọjú, ọjọ́ tí ìdajì yọjú (ìdajì àwọn tó hù níkẹyìn ni mò ń wí, kì í ṣe ìdajì iye tí mo gbìn), iye tó hù lápapọ̀, iye tó ṣì wà láàyè lọ́jọ́ tí mo ṣí wọn kúrò nínú ife. Lẹ́yìn náà ni àyè tí mo fi sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀, òun ló sì gbòòrò jù.

Nínú gbogbo wọn, ọjọ́ tí ìdajì hù ni mi ò lè fi ṣeré. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ. Ṣùgbọ́n hóró kan ṣoṣo tó lágbára lè yọjú kíákíá, nígbà tí àwọn tó kù ti ń jẹrà nísàlẹ̀. Èyí tó yọ gbẹ̀yìn náà kò ṣeé gbára lé, torí ọ̀lẹ kan lè fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ rìn lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdajì ló ń sọ bí gbogbo wọn ṣe wà. Tí ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìdajì bá sún mọ́ra, irúgbìn náà yè dáadáa, ooru àti omi sì kárí. Tí wọ́n bá jìnnà síra, irúgbìn ti pẹ́ jù nílẹ̀, tàbí kó jẹ́ pé ooru erùpẹ̀ ń lọ sókè sódò. Ibi tí màá kọ́kọ́ wò nìyẹn.

Àwọn àpò tó ṣẹ́ kù

Mo kó gbogbo irúgbìn tó kù nílẹ̀ jáde, mo sì tò wọ́n sórí tábìlì bí ọdún wọn ṣe tẹ̀ léra. Irúgbìn kì í pẹ́ bákan náà. Àlùbọ́sà ni ẹ̀mí rẹ̀ kúrú jù nínú àwọn tí mo ní: tó bá fi máa kọjá ọdún kan sí méjì, agbára rẹ̀ ti lọ. Ata lè tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Tòmátì àti kùkúńbà a máa tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ibi tí wọ́n wà bá gbẹ tó sì tutù.

Gbígbẹ àti tútù yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Òdiwọ̀n kan wà tí James Harrington tó jẹ́ onímọ̀ irúgbìn fi lélẹ̀: tí omi inú irúgbìn bá fi ìdá 1 nínú 100 dín, iye ìgbà tí irúgbìn náà máa fi wà láàyè á di ìlọ́po méjì, tí ooru ibi tí a kó o sí bá fi 5°C dín, á tún di ìlọ́po méjì. Ó níbi tí òdiwọ̀n náà mọ o, kò sọ pé ká sá irúgbìn títí á fi rún. Ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ kí n kó tèmi kúrò lórí pẹpẹ tó wà nítòsí fèrèsé, kí n sì kó wọn sínú ìgò tó ní ìdérí le.

Èyí tó bá ti lé ní ọdún kan, mo kọ́kọ́ dán an wò. Mo ka hóró 10 sórí bébà ìnuwọ́ tí mo ti rin, mo ká a, mo fi sínú ọ̀rá, mo kọ orúkọ àti ọjọ́ sára ọ̀rá náà, mo wá gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Tòmátì hu 9. Ata hu 4. Àlùbọ́sà kò hu ẹyọ kan, mo sì dà á nù lójú ẹsẹ̀ kó má baà gba àyè tí irúgbìn tó yè lè lò. Hóró 10 kéré láti fi búra, àmọ́ ó tó láti fi pinnu iye tí màá gbìn: níwọ̀n ìgbà tí ata kò ti ju 4 nínú 10, ibi tí mo ti fẹ́ kí mẹ́rin hù, mẹ́wàá ni mo sọ síbẹ̀.

Tí mo bá ń ka hóró báyìí, William Beal ni mo máa ń rántí. Ní 1879, ní Michigan ní Amẹ́ríkà, ó po irúgbìn koríko oríṣiríṣi mọ́ yanrìn, ó rọ wọ́n sínú ìgò 20, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀, ó dorí wọn kodò kí omi má baà dúró sínú wọn. Hóró 50 ni ti oríṣi kọ̀ọ̀kan nínú ìgò kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń hú ìgò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n hú ọ̀kan ní 2021, lẹ́yìn ọdún 142, irúgbìn inú rẹ̀ sì ṣì hù. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn ni 50 yẹn. Ká ní Beal kàn bu ẹ̀kúnwọ́ sínú ìgò ni, ohun tí àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ìbá lè sọ kò ní ju pé "díẹ̀ hù". Ó ka ohun tó wọlé, ìdí nìyẹn tí ohun tó jáde fi nítumọ̀.

Ọjọ́ tí mo gbìn wọ́n

Iṣẹ́ ọjọ́ yìí kò pọ̀. Jíjìn ihò jẹ́ bí ìlọ́po méjì sí mẹ́ta nínípọn hóró. Létúùsì ni kò sí lábẹ́ òfin yìí: ìmọ́lẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ láti hù, nítorí náà orí erùpẹ̀ ni mo wọ́n ọn sí, mo sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Láti ìsàlẹ̀ tíréè ni mo ti ń fún gbogbo wọn lómi, kí ojú erùpẹ̀ má baà dì.

Lórí àmì, mo ní ohun tí mo fẹ́ sọ. Pẹ́ńsù ni ẹ fi kọ ọ́. Bírò á ṣá nínú oòrùn, pàápàá lára ike funfun, kí irúgbìn tó ní ewé mẹ́rin. Ara ife ni kí nọ́ńbà wà, kó má wà lára ìdérí, torí ìdérí ni ohun tó máa ń kọ́kọ́ ṣìnà lọ sórí ife míì. Nọ́ńbà tó wà lára ife ló wà nínú ìwé. Mi ò kọ ìtàn sára ife rárá, inú ìwé ni ìtàn wà.

Ata lókè, létúùsì nísàlẹ̀

Ibí ni òpó ooru ti sanwó ara rẹ̀. Inú erùpẹ̀ ni mo ń ki tẹmọ́mítà bọ̀, ibi tí hóró wà gan-an, torí erùpẹ̀ tó rin a máa tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ: omi tó ń fà lójú rẹ̀ ń gbé ooru lọ. Ẹni tó bá wo ooru yàrá nìkan lè rò pé ara tu ata, nígbà tí òtútù ń mú un.

Ní pẹpẹ àárín, erùpẹ̀ ata wà ní 26°C lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ lẹ́yìn òwúrọ̀ ni mo ń kọ 18°C, 19°C. Nǹkan bíi 25°C sí 30°C ni ata fẹ́ láti hù dáadáa. Àkọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Níbi tí mo ti wo ìlà òwúrọ̀ yẹn, mo gbé ìdajì àwọn ife náà lọ sí pẹpẹ òkè tó ń móoru tọ̀sán tòru, mo fi ìdajì sílẹ̀, mo sì kọ "òkè" àti "àárín" sí iwájú nọ́ńbà wọn. Àwọn tòkè dé ìdajì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn tàárín ṣì ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí àwọn tòkè ti ń na ewé. Àpò kan náà, ọjọ́ kan náà, erùpẹ̀ kan náà.

Létúùsì yàtọ̀ pátápátá. Nǹkan bíi 15°C sí 20°C ló bá a lára mu. Tí ooru bá ti ń lọ sí 30°C, ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ á kọ̀ láti hù. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo gbé e sí, ìdajì rẹ̀ sì hù kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí létúùsì rẹ̀ bá kọ̀ láti hù nígbà ooru, kó má yára dà á nù. Hóró náà lè máa sùn lásán ni. Ẹ kọ iye ooru náà sílẹ̀, kí ẹ gbé e síbi tó tutù, kí ẹ sì fún un láyè.

Èyí tó hù, èyí tó yè

Nínú tíréè kejì, tòmátì tó hù dáadáa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Mo tẹ̀ ba láti wò ó: ewé rẹ̀ ṣì tutù, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n níbi tí igi rẹ̀ ti kan erùpẹ̀, ó ti fún, ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Àrùn ìdùbúlẹ̀ èhù nìyẹn, àwọn kòkòrò àìfojúrí bíi Pythium àti Rhizoctonia tó ń gbé inú erùpẹ̀ tó rin jù ló ń fà á. Èyí tó bá ti ṣubú kò ní dìde mọ́.

Mo kọ nọ́ńbà ife kọ̀ọ̀kan tó ṣubú àti ibi tó wà nínú tíréè. Nígbà tí mo yà á sórí ìwé, igun kan ṣoṣo ni gbogbo wọn kóra jọ sí, ibi tí ògiri ti dí atẹ́gùn lọ́nà. Mo kó àwọn ife náà jáde, mo da erùpẹ̀ wọn nù, mo fi ọṣẹ fọ ife, mo fa tíréè kúrò lára ògiri, mo sì jẹ́ kí ojú erùpẹ̀ máa gbẹ kí n tó tún fún un lómi. Kò ràn dé ibòmíì.

Ìdí nìyí tí òpó "hù" àti òpó "yè" fi gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra. Tí a bá pa wọ́n pọ̀, irúgbìn tó yè kooro á jẹ̀bi ohun tí ọ̀rinrin àti àìsí atẹ́gùn ṣe, a ó sì lọ máa wá àpò míì tí kò yẹ ká wá.

Ewé tòótọ́

Ewé méjì tó kọ́kọ́ ń yọ kì í ṣe ewé tòótọ́, ewé inú hóró ni. Dídán àti àìní gọbi-gọ̀bi létí ni a fi ń mọ̀ ọ́n nínú tòmátì. Ọjọ́ tí ewé tòótọ́ méjì bá ti là ni mo ń ṣí wọn sínú ife ńlá, ewé ni mo sì ń dì mú, mi ò di igi wọn mú, torí ewé tó ya á hu òmíràn, igi tó bá fọ́ kò ní arọ́pò. Ata mẹ́ta kan gbé èèpo hóró wọn sórí jáde, ó há mọ́ ewé wọn. Mo kán omi ẹyọ kan sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ títí èèpo náà fi rọ̀, mo wá fi ìka fà á yọ jẹ́ẹ́jẹ́. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Tí ọ̀pọ̀ bá gbé èèpo jáde, àfàìmọ̀ ni n kò gbìn wọ́n sí òkè jù, tàbí kí ojú erùpẹ̀ ti gbẹ jù.

Mo tún ń fi rúlà wọn gíga wọn. Kùkúńbà ga kíákíá, àyè tó wà láàárín erùpẹ̀ àti ewé rẹ̀ gùn jù, igi rẹ̀ sì funfun. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wá. Mo sún iná mọ́ ọn, èyí tó hù lẹ́yìn ìyẹn kúrú, ó sì ki.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Tòmátì ti ń kọ́ ìta. Ọjọ́ 7 sí 10 ni mo fi ń mú ọ̀gbìn mọ oòrùn àti atẹ́gùn: wákàtí kan níbòòji lọ́jọ́ kìíní, mo sì ń fi díẹ̀díẹ̀ kún un, mo ń kọ wákàtí náà síwájú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Ata tòkè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wọn. Pásílì kò tíì yọjú, ara kò sì fu mí, torí ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Mo kọ déètì sára ife rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ da erùpẹ̀ náà nù ṣáájú rẹ̀.

Ilá ló kàn. Hóró 20 ni màá rẹ sómi mọ́jú, 20 míì á wà ní gbígbẹ, inú tíréè kan náà, ooru kan náà. Mo ti fa ìlà méjèèjì sínú ìwé, "rírẹ" àti "gbígbẹ".