Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ìwé Ẹjọ́ Gbà ní Káńtì Ìgbèríko ní Texas

Ibi tí ọ̀ràn bá ti ṣẹlẹ̀ ni fáìlì rẹ̀ ń gbé. Ẹni tó ń gbé Houston tí ọlọ́pàá dá dúró ní káńtì kékeré kan (county, bí ìjọba ìbílẹ̀ nínú ìpínlẹ̀) lójú ọ̀nà Dallas, káńtì yẹn ni ẹjọ́ rẹ̀ wà, kò ní bá a padà sílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá kì í rántí rẹ̀ mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù N-400 láti di ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà, tí USCIS (ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì) wá ní kí wọ́n mú ìwé tó fi hàn bí ẹjọ́ náà ṣe parí wá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ ilé-ẹjọ́ lára rẹ̀. Àwọn mìíràn ń wá ìwé ìkọ̀sílẹ̀ kí wọ́n lè tún ìgbéyàwó ṣe. Ìwé ẹjọ́ kì í sábà jẹ́ àṣírí. Gbogbo ènìyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ẹ kò sì ní láti ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi ń wá a. Ohun tó ń fa ìdádúró jù ni pé èèyàn kì í mọ ọ́fíìsì tó yẹ kó kàn sí.

Káńtì 254 ló wà ní Texas, ọ̀nà tó jọra ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbà pín iṣẹ́ yìí. District Clerk (akọ̀wé ilé-ẹjọ́ àgbègbè) ló ń tọ́jú ẹjọ́ ọ̀daràn ńlá tí wọ́n ń pè ní felony, ìkọ̀sílẹ̀, àti ẹjọ́ owó ńláńlá. County Clerk (akọ̀wé káńtì) ló ní ẹjọ́ misdemeanor, ìyẹn ẹ̀sùn tí kò tó felony, nígbà púpọ̀ (ẹ̀sùn àkọ́kọ́ pé èèyàn mutí wakọ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀), ìwé ìhágún, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ilẹ̀. Justice of the Peace (adájọ́ ilé-ẹjọ́ kékeré) ló ní tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé, lílé ayálégbé jáde, àti ẹjọ́ gbèsè tí kò ju dọ́là 20,000 lọ. Kò sí èyí tó ń wo fáìlì ẹnìkejì. Bí District Clerk bá sọ pé òun kò rí orúkọ yín, kò túmọ̀ sí pé ẹjọ́ náà kò sí. Ẹ kàn sí County Clerk kẹ́ ẹ tó gbà.

Òfin ìpínlẹ̀ náà gba káńtì tí èèyàn ibẹ̀ kò tó 8,000 láàyè láti yan akọ̀wé kan ṣoṣo fún ọ́fíìsì District Clerk àti ti County Clerk, ìyẹn sì ń dín wàhálà kù. Àmọ́ Justice of the Peace lè má sí nínú courthouse (ilé-ẹjọ́ ńlá káńtì) rárá. Ìlú mìíràn nínú káńtì náà ni ọ́fíìsì rẹ̀ lè wà. Tó bá jẹ́ ọlọ́pàá ìlú ló fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì, ilé-ẹjọ́ ìlú náà ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ti káńtì. Orúkọ ilé-ẹjọ́ tó tọ́ wà lára tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí lẹ́tà FOIA (òfin tó jẹ́ kí èèyàn lè béèrè ìwé ìjọba). Òfin ìjọba àpapọ̀ nìyẹn, kò kan ilé-ẹjọ́ ìpínlẹ̀. Òfin Texas tó jọ ọ́ pàápàá yọ ilé-ẹjọ́ sílẹ̀. Bákan náà, ọ́fíìsì Vital Statistics (tó ń kọ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó sílẹ̀) ní Austin kò ní ìwé ìkọ̀sílẹ̀ láti fún yín. Lẹ́tà tó kàn sọ pé ìkọ̀sílẹ̀ wáyé ni wọ́n ń kọ, láti 1968 síwájú. Ẹni tó bá fẹ́ ìwé tí adájọ́ fọwọ́ sí gan-an, District Clerk ni yóò lọ bá.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ìkànnì ìpínlẹ̀ náà ni re:SearchTX, ó sì dára láti fi wá nọ́ńbà ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kìíní oṣù keje 2016 ni àwọn káńtì tí èèyàn wọn kò tó 20,000 ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ètò fífi ìwé ẹjọ́ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, fún ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Ẹjọ́ tó bá ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, inú bébà ló sábà máa ń wà, tàbí microfilm (fíìmù tí wọ́n ya àwòrán ìwé sí). Àwọn ìkànnì aládàáni tó ń gba owó káàdì láti fi ìtàn èèyàn hàn kò lè fún yín ní òǹtẹ̀, USCIS kò sì ní gba tiwọn.

Orúkọ wa ni ibi tí wíwá ti sábà máa ń kọsẹ̀. Orúkọ ìdílé ni ìwé atọ́ka fi ń to ẹjọ́, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sì lè má tíì rí orúkọ Yorùbá rí. Ogunbiyi lè di Ogun Biyi, kí ó sì wà lábẹ́ Biyi. Oluwaseun lè di Olu Waseun. Adewale tó jẹ́ orúkọ àbísọ lè bọ́ sí ipò orúkọ ìdílé. Ẹ sọ fún akọ̀wé pé kó wo orúkọ méjèèjì ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, kó wo ìdajì orúkọ náà, kó sì wò ó pẹ̀lú lẹ́tà kan tó yí padà. Ọjọ́ ìbí náà ní tirẹ̀: 03/07 lọ́dọ̀ wa jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù keje, ṣùgbọ́n oṣù kẹta ọjọ́ keje ni wọ́n ń kà á sí níbẹ̀. Nínú ìwé atọ́ka àtijọ́, olùpẹjọ́ ní ìwé tirẹ̀, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ní tirẹ̀; ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí méjèèjì.

Fóònù ni mo fẹ́ràn jù fún káńtì kékeré. Ẹ pè láàárọ̀, torí ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ń ti ilẹ̀kùn lásìkò oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ sọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, irú ẹjọ́ àti ọdún tí ẹ rò pé ó jẹ́, kí ẹ sì béèrè nǹkan mẹ́ta: nọ́ńbà ẹjọ́, iye ojú ìwé, àti irú owó tí wọ́n ń gbà. County Clerk ń gba dọ́là 1 lórí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú dọ́là 5 fún ìfọwọ́sí olóǹtẹ̀. Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà ẹjọ́, wọ́n lè bu owó wíwá lé e. Ọ̀pọ̀ wọn kì í gba sọ̀wédowó aládàáni. Ẹ fi money order ránṣẹ́, pẹ̀lú àpòòwé tí ẹ ti kọ àdírẹ́sì yín sí tí ẹ sì ti lẹ sítáǹbù mọ́. Ẹ má béèrè ìmọ̀ràn òfin lọ́wọ́ akọ̀wé, òfin kò jẹ́ kó dáhùn.

Ẹ má sì béèrè fún gbogbo fáìlì. Fún ìkọ̀sílẹ̀, Final Decree (ìwé ìdájọ́ tó tú ìgbéyàwó ká) ni. Fún ẹ̀sùn, judgment (ìwé ìdájọ́) ni, tàbí ìwé tí adájọ́ fi da ẹjọ́ nù. Nígbà tó bá dé, ẹ wo ìfọwọ́sí adájọ́, déètì tí wọ́n gbà á wọlé, àti òǹtẹ̀ akọ̀wé lójú ìwé ìkẹyìn. Ẹ má yọ píìnì tó so ó pọ̀ láti ṣe fọ́tókọ́pì, torí ẹni tó máa gbà á lè sọ pé ẹ ti tú u. Ọ̀rọ̀ tí ẹlẹ́rìí sọ lẹ́nu kò sí nínú fáìlì akọ̀wé: ọ̀dọ̀ court reporter (ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ sílẹ̀) ló wà, ọdún mẹ́ta péré ni òfin sì ní kó tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ti ìwọko-gbèsè kò sí ní káńtì, PACER (ìkànnì ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀) ni ẹ ó lọ, sẹ́ǹtì 10 ni ojú ìwé kan níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ ńlá kan: ẹni tó bá fẹ́ kí ilé-ẹjọ́ pa ẹ̀sùn rẹ̀ rẹ́ pátápátá, kó kọ́kọ́ gba ẹ̀dà olóǹtẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti ìwé tí wọ́n fi da ẹjọ́ náà nù. Lẹ́yìn ìparẹ́, akọ̀wé kò ní nǹkan kan láti fún un mọ́, USCIS yóò sì tún béèrè.

Bó bá jẹ́ pé ìwé náà ti jóná, tàbí wọ́n ti run ún nítorí pé ó ti pẹ́, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ akọ̀wé, pẹ̀lú òǹtẹ̀, tó sọ orúkọ tí wọ́n wá, ọdún tí wọ́n wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti pé wọn kò rí i. Lẹ́tà yẹn ni ẹ ó fi sínú fọ́ọ̀mù yín dípò ìwé ẹjọ́.