Abẹ́rẹ́ Nọ́ńbà 8

Ní Sátidé tó kọjá, ẹni keje tó kọ́ṣẹ́ súwẹ́tà híhun lọ́wọ́ mi gba òmìnira. A gbàdúrà, a jẹun, a ya fọ́tò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀kan nínú àwọn tó kù gbé fóònù wá bá mi: "Màámi, ẹ wo súwẹ́tà yìí, mo ti ra wúùlù rẹ̀." Mo bi í pé ilẹ̀ ibo ni wọ́n ti tẹ ìwé tó ti rí i. Kò mọ̀. Mo ní irú wúùlù wo ló rà. Ó ní, "Aláwọ̀ búlúù." Àyà mi já.

Ẹ̀yin àbúrò mi, mi ò ní kọ́ yín bí a ṣe ń kó ojú ìhun sórí abẹ́rẹ́. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ìwé tí ẹ ó máa hun nǹkan inú rẹ̀, àti òwú tí yóò bá a mu, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ẹ má fi fọ́tò yan màgasíìnì. Gbogbo wọn ló ní ọmọge arẹwà níwájú. Ẹ ṣí i, kí ẹ wò bóyá wọ́n ya ẹ̀yìn, iwájú àti apá aṣọ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú sẹ̀ǹtímítà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò bóyá wọ́n kọ gígùn òwú tí aṣọ náà máa gbà, kì í ṣe iye ìdì nìkan, torí pé òwú tí wọ́n dárúkọ níbẹ̀ lè má dé ọjà wa láéláé. Ti àwọn ará Japan dára ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àmì ni wọ́n fi ń ya iṣẹ́, àmì náà kì í sì í yí padà láti ìwé kan sí òmíràn. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n lè hun ún láìgbọ́ èdè wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́. Vogue Knitting, ti Amẹ́ríkà ni. Rowan, ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ìyẹn, òun ló sì jẹ mí níyà.

Lọ́dún 2004, mo ṣì wà lọ́dọ̀ ọ̀gá mi n'Ìbàdàn. Àlàájà kan fẹ́ kàdígáànì fún ọmọ rẹ̀ tó ń lọ kàwé nílùú ọba nínú oṣù kìíní, nígbà òtútù. Ọ̀gá mi ní kí n ṣe é. Inú mi dùn débi pé oorun ò kùn mí. Mo ti ra màgasíìnì Amẹ́ríkà àtijọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀, kàdígáànì tó dára gan-an sì wà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8, ni ìwé wí. Abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 8 wà nínú agolo ọ̀gá mi, irin aláwọ̀ eérú, èyí tí ìyá rẹ̀ rà nígbà tó gbé ìlú ọba. Wọ́n kọ 8 sí ìdí rẹ̀ ketekete. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè?

Nọ́ńbà àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, bó ṣe ń ga sí i ni abẹ́rẹ́ ń tín-ín-rín sí i. Ti Amẹ́ríkà, bó ṣe ń ga ni abẹ́rẹ́ ń sanra. 8 ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mílímítà 4, ti Amẹ́ríkà jẹ́ mílímítà 5. Kódà, 8 Gẹ̀ẹ́sì ni Amẹ́ríkà ń pè ní 6, 6 Gẹ̀ẹ́sì ló sì ń jẹ́ 8 lọ́hùn-ún. Òwú tí mo rà náà tún tín-ín-rín ju èyí tí ìwé fẹ́ lọ.

Mo kó ojú 90 fún ẹ̀yìn. Ìwé ní ojú 18 ló yẹ kó wà nínú sẹ̀ǹtímítà 10, kí ẹ̀yìn lè jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 50. Tèmi ń gba ojú 22, ẹ̀yìn wá di nǹkan bí 41. Ẹ ka iwájú mọ́ ọn: aṣọ tí àyà rẹ̀ yẹ kó jẹ́ 100 di 82. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi hun ún.

Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá mi ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ tán ló sọ pé òun ti rí i láti ọ̀sẹ̀ kìíní, pé òun fẹ́ kí ojú mi já a ni. Mo ti fi ẹnu dárí jì í. Ọkàn mi ò tíì bá ẹnu mi dé ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ó ní ọmọ kọ́ṣẹ́ lọ́la, ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá rí i, ẹ sọ ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ tó ń hun aṣọ lóru nídìí àtùpà, ìṣẹ́jú kan lẹ ó fi gbà á sílẹ̀.

Mo gbìyànjú láti na aṣọ náà. Ìyá tó ta òwú rẹ̀ fún mi ní wúùlù ni, mo sì ti gbọ́ pé wúùlù ń gbọ́ ti ooru: ẹ fi aṣọ tútù bò ó, ẹ fi áyọ́ọ̀nù sí i, ẹ fà á, yóò dúró síbi tí ẹ fà á sí. Àmọ́ lọ́jà wa, gbogbo òwú ìhun ló ń jẹ́ wúùlù, ìbáà jẹ́ irun àgùntàn, ìbáà jẹ́ acrylic, òwú oníke. Acrylic ni tèmi. Áyọ́ọ̀nù kàn án, ó kú. Ojú ìhun tó ti dúró ṣánṣán tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń dán bí ọ̀rá, ó rọ jọwọlọ. Acrylic tó bá kú báyìí kì í jí mọ́.

Àlàájà gbé e sókè níwájú gbogbo èèyàn: "Ṣé ọmọ ọwọ́ ni mo ní kí ẹ hun aṣọ fún ni?" Owó rẹ̀ tí a dá padà, èmi ni mo san án, díẹ̀díẹ̀, fún oṣù mẹ́jọ.

Nítorí náà, ẹ já òwú díẹ̀, kí ẹ fi iná sí i. Bó bá ń rùn bí irun tó jóná, tó sì di eérú tí ìka lè rún, irun àgùntàn ni. Bó bá yọ́, tó dì bí ìlẹ̀kẹ̀ líle, acrylic ni. Acrylic kì í ṣe ọ̀tá. Aṣọ ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fọ̀ lójoojúmọ́, òun ni mo fi ń hun ún. Ẹ ṣáà mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ka bébà ara ìdì òwú, nọ́ńbà ibẹ̀ ló ń sọ bí òwú ṣe nípọn tó: 3 ni òwú tí wọ́n ń pè ní DK, 4 ni worsted, tó nípọn jù ú lọ. Gígùn ni kí ẹ fi rà á, torí pé kọ́tìn wúwo, gíráàmù 50 rẹ̀ kì í gùn tó ti irun àgùntàn.

Ọmọ aláwọ̀ búlúù yẹn, mo ní kó jókòó kó hun ègé kékeré kan. Orin ṣì ń lọ níta. Ó fi rúlà lé e, ó ka ojú 24 nínú sẹ̀ǹtímítà 10. Ìwé rẹ̀ ní 20. Ó tún un kà, ó gbójú sókè wò mí, ó sì dìde lọ mú abẹ́rẹ́ mìíràn.